Ọmọ Tó Kúnlẹ̀ Kí Adájọ́ Ìlù

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju pé ọmọ kan kúnlẹ̀ kí mi lọ. Kò gbà tó ìṣẹ́jú kan. Síbẹ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwọn tí kò mọ̀ mí rí ti wo fídíò ìkúnlẹ̀ náà ní àwòtúnwò, wọ́n sì ń bú ara wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nítorí mi. Ó ti rẹ̀ mí kí ọ̀rọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀, ó sì tún rẹ̀ mí sí i nígbà tó parí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́.

Adájọ́ ìlù ni mí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Temple Hills, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín. Bàbá ìjọ bi mí pé, "Ìlù wo ló jalè tẹ́ ẹ fẹ́ rán an lẹ́wọ̀n?" Mo ṣàlàyé títí. Mo ní ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà níbí, àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan wà tí wọ́n ń lu ìlù, tí wọ́n ń fọn fèrè, tí wọ́n sì ń yan lórí pápá bọ́ọ̀lù. Bí ìgbà ooru bá dé, wọ́n á kó sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n á máa ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n á máa sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n lè bá ara wọn díje. Adájọ́ tó wà fún fèrè yàtọ̀, tó wà fún ìyan yàtọ̀. Èmi, ìlù ni tèmi. Bàbá ìjọ mirí, ó ní, "Wọ́n sì ń sanwó fún èyí?" Mo ní wọ́n ń san díẹ̀.

Ìbàdàn ni mo ti kọ́ ìlù, nínú báǹdì àwọn ọmọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn tó máa ń ṣíwájú ìsìn ìkórè pẹ̀lú fìlà pẹlẹbẹ àti ìbọ̀sẹ̀ gígùn. Nígbà tí mo dé Maryland, mo kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní orin ní agbègbè District Heights títí mo fi fẹ̀yìn tì. Olùkọ́ kì í ní iṣẹ́ nígbà ooru. Òyìnbó àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Ray, tí òun náà jẹ́ adájọ́, rí mi níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ mi ní ìlù, ó sì fà mí wọ iṣẹ́ náà.

Iṣẹ́ tiwa ni pé kí a dúró sórí pápá láàárín àwọn onílù fúnra wọn. A ó mú ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ lọ́wọ́, a ó máa sọ ohun tí a ń gbọ́ sínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lù ú lọ, kí olùkọ́ wọn lè gbọ́ ọ tó bá yá. Àwọn ọmọ náà kì í dúró lójú kan. Wọ́n á sáré, wọ́n á yí, wọ́n á máa fi ẹ̀yìn rìn. Ray kìlọ̀ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé, "Wo ẹsẹ̀ wọn kó o tó wo ọwọ́ wọn." Èmi tí mo ti lu ìlù láti kékeré, mo rò pé mi ò nílò ìkìlọ̀. Ọwọ́ ni mò ń wò tí ọmọ kan tó gbé ìlù ńlá sáyà fi ń fi ẹ̀yìn bọ̀, àfi gbàgà! Mo ṣubú yakata lójú gbogbo èrò. Ẹ̀rọ ń gba ohùn lọ ní tiẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ ẹgbẹ́ náà kọ̀wé béèrè pé kí ni "Yéè, ìdí mi o!" túmọ̀ sí, ṣé ìyìn ni àbí ìbáwí.

Nínú iṣẹ́ yìí, ìlù a máa mọ́, a sì máa dọ̀tí. Bí ọ̀pá ìlù àwọn onílù mẹ́sàn-án bá balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí etí gbọ́ ọ bíi ti ẹnì kan, ìlù mọ́ nìyẹn. Bí ọ̀kan bá fi ìṣẹ́jú àáyá tí kò tó nǹkan pẹ́, ó ti dọ̀tí. Etí mi ti mọ ìdọ̀tí yẹn débi pé bí ìyàwó mi bá ń gún nǹkan nínú odó, mo máa ń fẹ́ fún un ní máàkì. Ó ti kìlọ̀ fún mi lórí ìyẹn.

Ẹ̀ka kan wà nínú iṣẹ́ náà tí kò sẹ́ni tó kọ́ mi: àwọn olólùfẹ́ eré. Àwọn èèyàn wọ̀nyí fẹ́ràn ìlù ju bí a ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn á gba ìsinmi níbi iṣẹ́, á máa tẹ̀ lé ẹgbẹ́ kan láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀. Bí eré bá parí, wọ́n á bọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á ní adájọ́ ti pín ipò kí wọ́n tó lu ìlù. Wọ́n á ní ìrìn àjò ti pọ̀ jù, àwọn ọmọ kò sùn. Wọ́n á ní eré ayé àtijọ́ ló dáa, àwọn míràn á ní irọ́ ni. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Àríyànjiyàn wọn kì í parí. Ray kọ́ mi pé kí n má ka ohun tí wọ́n ń kọ. Mo kà á. Gbogbo wa la máa ń kà á.

Ọjọ́ Sátidé kan nígbà ooru tó kọjá ni ọ̀rọ̀ ọmọ náà ṣẹlẹ̀, níbi ìdíje kan tí kò jìnnà sí Upper Marlboro. Kí wọ́n tó wọ pápá, àwọn onílù máa ń dúró sí ibi ìgbọ́kọ̀sí láti ṣe ìgbáradì, àwọn olólùfẹ́ á sì yí wọn ká, fóònù lókè. Òfin wa ni pé kí adájọ́ gba ọ̀nà ẹ̀yìn, kó má bàa pàdé wọn. Ọ̀nà ẹ̀yìn jìn lọ́jọ́ náà, oòrùn ń jó, eékún mi ń ro mí, mo sì gbé kúlà oúnjẹ lọ́wọ́. Mo gba àárín wọn kọjá.

Ni ọmọbìnrin kan bá wo káàdì tó wà lọ́rùn mi, tí wọ́n kọ orúkọ ìdílé mi, Akínwándé, sí gàdàgbà. Ìlù wà láyà rẹ̀, irin ló fi gbé e kọ́ èjìká. Ó fi ọ̀pá ìlù méjèèjì há abíyá, ó sì fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ lórí ọ̀dà gbígbóná, tòun ti ìlù.

"Ẹ káàsán, sir," ló wí, pẹ̀lú ohùn ọmọ tí wọ́n bí síbí.

Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Ó ti pẹ́ tí ọmọ tí mi ò bí ti kúnlẹ̀ kí mi ní ìta gbangba ní ìlú yìí.

"Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Dìde, dìde, ilẹ̀ gbóná. Kí lorúkọ ẹ?"

"Mofẹ́, sir. Mofẹ́olúwa."

"O káre. Olúwa á gbé ọ ga." Mo fọwọ́ kàn án lórí, mo sì bá tèmi lọ.

Nírọ̀lẹ́, a dá ẹjọ́. Ìlù ẹgbẹ́ Mofẹ́ mọ́ ju ti gbogbo wọn lọ. Ẹni tó bá wà lórí pápá lọ́jọ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fún wọn ní ipò kìíní nínú ìlù, máàkì tí mo fún wọn ló sì jẹ́ kí wọ́n fi díẹ̀ borí ẹgbẹ́ tí àwọn olólùfẹ́ ń pariwo fún jù.

Ìyàwó mi ló jí mi lọ́jọ́ Àìkú. "Bàbá Tólú, kí lẹ ṣe tẹ́ ẹ fi wà lórí phone gbogbo èèyàn? Tólú ti pè láti Texas."

Mo wo fídíò náà. Ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọmọ náà ń bẹ̀bẹ̀ fún máàkì. Òmíràn ní ìmùlẹ̀ ni, pé kí wọ́n wo ọwọ́ mi lórí rẹ̀. Àwọn kan gbèjà wa, wọ́n ní àṣà ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin Nàìjíríà kan tó fẹ́ gbà wá sílẹ̀ wá lọ túmọ̀ àdúrà tí mo ṣe fún wọn, pé mo ní Ọlọ́run á gbé e ga. Ìgbà yẹn ló wá bàjẹ́ pátápátá. Wọ́n ní, ẹ ò rí i, ó ti ṣèlérí ipò fún un! Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òun ni àgbà òṣìkà. Àwọn wọ̀nyí ò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Ajé, Carol, olórí àwọn adájọ́, pè mí lórí kọ̀ǹpútà. Wálé ló ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo lè bí i. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé òun náà kò sùn.

"Wálé, ṣé o mọ ọmọ yẹn?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

"Ó kúnlẹ̀ fún ọ."

"Mo lè jẹ́ bàbá àgbà rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní òun gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n òun gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan kí ariwo lè rọlẹ̀. Ọ̀nà kan wà. Kí n sọ pé ọmọ náà ló wá bá mi, tó rú òfin tó ní kí onílù má bá adájọ́ sọ̀rọ̀ ṣáájú eré. Wọ́n á yọ ọ́ kúrò lórí ìlà àwọn onílù títí ìdíje á fi parí. Èmi á sì wà lára àwọn adájọ́ àṣekágbá bí wọ́n ṣe yàn mí.

Kí ẹ lè mọ ohun tó wà lórí òṣùwọ̀n: láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, wọn ò yàn mí rí fún àṣekágbá. Lọ́dọọdún ni mò ń retí, lọ́dọọdún ni wọ́n ń yan ẹlòmíràn. Ọdún yìí ló kàn mí, mo sì ti pinnu pé bí mo bá ṣe é tán, mo ti ṣíwọ́ nìyẹn. Ní ti Mofẹ́, Carol sọ fún mi pé ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Ẹni tó bá ti pé bẹ́ẹ̀ kò ní ọdún míràn nínú ẹgbẹ́.

"Òfin wo ni ọmọ náà rú?" mo bi í. "Èmi ni mo gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Ṣé kó ṣe bí ẹni tí kò rí mi ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Carol dáhùn. "Ohun tí gbogbo àwọn yòókù ṣe nìyẹn."

Mi ò bá a jà. Ó rẹ̀ mí jù láti ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ní kó kéde pé adájọ́ ló gba ibi tí kò yẹ kó gbà, kó sì yọ adájọ́ náà. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá mi lójú. Lẹ́ẹ̀kejì, mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó mi gbaná jẹ. "Ẹ ò bá ọmọ náà tan, ẹ ò mọ ilé wọn!"

"Ó kí mi," ni mo wí.

"Bí wọ́n bá kí èèyàn, 'o ṣeun' là ń jẹ́. Ta ní ń fi finals jẹ́ ẹ?" Ó wọlé lọ, ó sì fi mí sílẹ̀ ní pálọ̀. Òótọ́ ló sọ, ó sì dùn mí. Mo fẹ́ àṣekágbá yẹn gan-an ni.

Àga ìjókòó mi nílé ni mo ti wo àṣekágbá náà. Mofẹ́ wà lórí ìlà, ẹnìkẹta láti ọwọ́ òsì. Ọ̀pá wọn balẹ̀ bíi ti ẹnì kan. Adájọ́ tó rọ́pò mi fún wọn ní ipò kìíní nínú ìlù. Inú mi dùn títí mo fi lọ ka ohun tí àwọn olólùfẹ́ kọ: wọ́n ní èmi àti ẹni tó rọ́pò mi la jọ ń jẹun. Mi ò mọ ọkùnrin náà ju kí a kí ara wa lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìyá Mofẹ́ wá àdírẹ́sì wa kiri lọ́dọ̀ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó sì wá sílé wa. Nọ́ọ̀sì ni, láti ibi iṣẹ́ ló sì ti bọ̀, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Bó ṣe wọ ẹnu ọ̀nà ló ti kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣé o, Daddy. Olórí àwọn adájọ́ sọ gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ ṣe fún wa. Ọlọ́run á san án fún yín, sà."

Mo ní kó dìde. Mofẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó dúró ṣánṣán. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí mi.

"Mofẹ́!" ni ìyá rẹ̀ pariwo. "Ẹ má bínú, sà. Látìgbà tí video yẹn ti jáde, ó ní òun ò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ti bá a sọ̀rọ̀ títí, ó ti sú mi."

"I'm sorry, sir," ni ọmọ náà wí. Omi wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fa ọwọ́ náà padà. "You lost finals because I knelt. I can't do that to somebody again."

Mo fẹ́ sọ fún un pé ìkúnlẹ̀ rẹ̀ kọ́ ló gbà á lọ́wọ́ mi. Mo wá ọ̀rọ̀ náà ní Gẹ̀ẹ́sì, mi ò rí i. Mo wá a ní Yorùbá, mo rí i, ṣùgbọ́n kò ní yé e. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa mi nígbà ooru yẹn, kò sí èyí tó dùn mí tó ọwọ́ yẹn. Mo rò pé mo ti gbà á sílẹ̀, àṣé ìlù rẹ̀ nìkan ni mo rí gbà sílẹ̀, mi ò rí ìkúnlẹ̀ rẹ̀ gbà. Mo ní kí wọ́n jókòó, mo sì pe ìyàwó mi pé a ní àlejò.