Ẹ̀rọ Tí Ó Ka Ẹ̀jẹ̀ Ìyàwó Mi

Gẹ̀gẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ sí ìyàwó mi lọ́rùn. Ní ọ̀dọ̀ wa, gẹ̀gẹ̀ kì í ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Àwọn ìyá wa gbé tiwọn lọ sóko, wọ́n gbé e bọ̀. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ wà nínú tirẹ̀. Wọ́n gé e kúrò ní ilé ìwòsàn kan ní Nàìjíríà, wọ́n sì fún un ní oògùn tí ìtànṣán ń jáde lára rẹ̀ mu, kí ẹ̀rọ ayàwòrán lè fi ibi tí àrùn náà kù sí hàn, kí oògùn náà sì jó o níbẹ̀.

Wọ́n gún apá rẹ̀ lábẹ́rẹ́. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gba inú àpótí òjé kọjá, níbi tí ẹ̀rọ kékeré kan ti ń ka ìtànṣán tó wà nínú rẹ̀. Bó ṣe ń kà ló ń dún. Mo dúró lẹ́yìn ògiri gíláàsì, mo ń gbọ́ ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi bí yìnyín lórí páànù. Rọ́bà náà dí. Wọ́n tún un gún, wọ́n tún un gún, títí apá náà fi dúdú bí aró. Ó ge ètè rẹ̀ jẹ títí ó fi ṣẹ̀jẹ̀.

Nígbà tí a ń lọ, dókítà ní, “Ìyá, ẹ̀rọ fi hàn pé ìtànṣán ṣì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Títí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má gbé ọmọdé rárá.”

Nígbà tí a ti ré ààlà kọjá, ní Savalou, ni a gbọ́ pé àbúrò ìyàwó mi ọkùnrin ti bímọ ní Lougba. Ẹ̀yìn ìyàwó mi ni àbúrò yìí dàgbà sí. Àwa fúnra wa kò bí. Mo ní ká lọ sílé wa ní Bantè tààrà. Ó ní òun kàn fẹ́ rí ọmọ náà láti òkèèrè ni.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ gan-an ni alùpùpù gbé wa débẹ̀. Nínú ìdílé wọn, ẹ̀gbọ́n obìnrin tí bàbá ọmọ ní ló ń kọ́kọ́ gbé ọmọ tuntun bọ́ sí oòrùn. Ìyàwó mi ni wọ́n ń retí. Ó dúró lábẹ́ igi kajú, kò wọlé. Àbúrò rẹ̀ gbé ọmọ náà bọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti di ará Nàìjíríà ni? Ẹ gba ọmọ yín!”

Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. “Má gbé e wá. Ara mi lè pa á lára.”

“Kí lẹ wí?”

“Ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi kò dára fún un. Ẹ̀rọ ló kà á. Tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì...”

“Ó ti jẹ́wọ́!” Ìyá àgbà kan ló pariwo. “Ó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́! Abájọ tí kò fi bí!”

Àbúrò rẹ̀ fi ipá gbé ọmọ náà tì í láyà. Ìyàwó mi fi ìgúnpá tì í sẹ́yìn, ọmọ figbe ta. Ìkúùkù àkọ́kọ́ ba ìyàwó mi lẹ́nu, eyín kan fò jáde. Òkò tẹ̀lé e. Mo bọ́ sáàárín, wọ́n la ọmọ odó mọ́ mi lórí, ẹ̀jẹ̀ dí mi lójú. Ìyàwó mi dojú bolẹ̀, wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá a níhà, apá rẹ̀ méjèèjì sì wà lábẹ́ àyà rẹ̀. Alálùpùpù ló fà wá jáde.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, ìyàwó mi pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù. Ìyẹn ní bó bá tún tẹ ilẹ̀ Lougba, òun á dáná sun ún. Kò pè é mọ́. Jẹjẹrẹ náà padà, ó wọ egungun, ó sì pa á.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, àbúrò rẹ̀ dé sí Bantè, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fò sínú kòtò, ó já ọkọ́ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbẹ́ ẹ, ó tì í ṣubú, ó sì ń ṣá ilẹ̀ bí ẹni tí ń ṣá ejò. Lójijì ó gbójú sókè sí mi.

“Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ̀rọ yín bá sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, kí ló wá ṣe nílé mi lọ́jọ́ yẹn?”

“Ó ní òun fẹ́ rí ọmọ náà láti òkèèrè.”

Ó na ọkọ́ sókè sí mi. Mi ò yẹ̀. Ó là á mọ́ ẹ̀gbẹ́ kòtò, ó tún là á, títí èèkù rẹ̀ fi kán sí i lọ́wọ́. Ó wá jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní kó jáde kí a lè sọ òkú kalẹ̀. Kò jáde.