Ohun Tí Àyìndé Sọ Nípa Ìbẹ̀rẹ̀ Ayé

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Iléṣà, ìbẹ̀rẹ̀ mẹ́ta ni ayé ní. Ibi tí a bá ti lọ lo họlidé la ti ń gbọ́ èyí tí a máa gbà gbọ́ lọ́dún yẹn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ìyá yín jẹ́ ọmọ mùsùlùmí, tí bàbá yín jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí. Ìrántí yìí kò dùn tó bí mo ṣe fẹ́ kó dùn, ẹ ṣáà fara dà á fún mi.

Káfíńtà ni bàbá mi. Yèyé, ìyá tó bí bàbá mi, ń gbé lábúlé kòkó kan lẹ́yìn Iwaraja. Tí ìkórè bá dé, àwa ọmọ la máa ń kó èso kòkó jọ síwájú Yèyé. Wọ́n á máa là á, àwa á máa yọ hóró rẹ̀ sínú agbọ̀n, a ó sì máa lá omi funfun ara rẹ̀ títí ètè wa á fi lẹ̀ mọ́ra. Ibẹ̀ ni Yèyé ti sọ fún wa pé omi ni gbogbo ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Olódùmarè di yẹ̀pẹ̀ àti adìẹ fún Ọbàtálá pé kó lọ dá ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹmu dá a dúró lọ́nà, ó sùn lọ fọnfọn. Odùduwà ló gbé ẹrù náà, ó fi ẹ̀wọ̀n rọ̀ sí Ifẹ̀, ó da yẹ̀pẹ̀ sórí omi, adìẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn án káàkiri. Yèyé á ní, "Ẹ ò wo adìẹ ni? Títí dòní, kò mọ iṣẹ́ mìíràn."

Ní Òṣogbo, ọ̀tọ̀ lohun tí a ń gbọ́. Bàbá Àgbà, bàbá tó bí ìyá mi, ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, wọ́n sì ń fabẹ́rẹ́ ṣe ọnà sọ́rùn agbádá. Àwa la máa ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́ fún wọn torí ojú wọn ti ń ṣú. Láàárọ̀, a ó gbé wàláà lọ sí ilé kéú. Ẹni tí kò bá mọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí, kòbókò á kí i káàárọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà ń dúró dè é nílé. Bàbá Àgbà ní Ọlọ́hun kò bẹ adìẹ kankan níṣẹ́. Ó kàn ní kí nǹkan wà ni, nǹkan ọ̀hún sì wà. Wọ́n ní kò rẹ̀ ẹ́, kò sì wá ibi tó máa fẹ̀yìn tì.

Tí a bá padà dé Iléṣà, tíṣà Sunday school á ní ọjọ́ mẹ́fà ni, àti pé Ọlọ́run sinmi lọ́jọ́ keje. Ìyá mi, tó ti ń bá bàbá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kì í dá sí i. Tí a bá bi wọ́n pé èwo lòótọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n á ní, "Ẹ lọ pọnmi."

Ẹ̀gbọ́n mi Àyìndé ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sinmi. Ẹ má sọ pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́ bí mo ṣe ń pè é ní "ó" o. Ọmọdé ọjọ́un ló wà lójú mi. Tí àwa méjèèjì bá ń gúnyán, á dá ọmọ odó dúró lójijì. "Àbẹ̀ní, ta ló dá omi tí wọ́n da yẹ̀pẹ̀ lé? Kí ni Ọlọ́run ń ṣe kí ọjọ́ kìíní tó mọ́?" Ìyá mi á pariwo láti ẹ̀yìnkùlé pé kó gúnyán kó má di kókó. Nígbà tó yá, ó rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní Ọlọ́run ní kí omi wà, omi sì wà. Ó rán adìẹ sí i, adìẹ fi ọjọ́ mẹ́fà tan ilẹ̀, Ọlọ́run sì ní kó lọ sinmi lọ́jọ́ keje. Ó dùn mọ́ mi púpọ̀. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi ti parí ìjà fún gbogbo ẹbí.

Òun ló ń gba ipò kìíní ní kíláàsì rẹ̀. Lọ́dún tó máa jáde iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìjọ wa fẹ́ rán ọmọ kan lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà lọ́fẹ̀ẹ́, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé Àyìndé ni. Bàbá mi ti kan àpótí tó máa gbé lọ. Àlùfáà ìjọ wá síléèwé láti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní kó sọ bí ayé ṣe bẹ̀rẹ̀. Àyìndé dúró ṣánṣán, ó sọ tirẹ̀, omi, adìẹ, ọjọ́ mẹ́fà, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀.

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àlùfáà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ọ nírú èyí?" Àyìndé rò pé wọ́n fẹ́ yìn ín ni. Ó ní, "Yèyé wa ni, pẹ̀lú Bàbá Àgbà wa ní Òṣogbo." Wọ́n gbé e lé tábìlì, wọ́n sì nà án títí ṣòkòtò rẹ̀ fi ya. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ààyè rẹ̀ kò tíì bọ́. Kó dìde níwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, kó sọ pé irọ́ ni àwọn méjèèjì pa fún òun. Tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, kó máa di ẹrù rẹ̀.

Bàbá mi ní, "Sọ ọ́ jàre, ẹnu lásán ni." Ní ti ìyá mi, bàbá wọn ni wọ́n fẹ́ pè ní òpùrọ́, ọkọ wọn ló sì ní kí ọmọ wọn pè é. Wọn ò jẹun lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Yèyé wá láti abúlé, wọ́n ró aṣọ funfun, wọ́n jókòó láàárín àwọn ìyá ìjọ. Wọ́n ti ṣèrìbọmi tipẹ́. Wọ́n gbọ́ pé ìjọ fẹ́ dá ọmọ ọmọ àwọn lọ́lá ni. Kò sẹ́ni tó sọ ìyókù fún wọn. Àyìndé dìde. Ó wo àlùfáà, ó wo bàbá mi, ó wá wo Yèyé, tí ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó ní, "Mi ò lè pè wọ́n ní òpùrọ́. Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ nínú gbogbo wa."

Há! Ariwo sọ. Bàbá mi dorí kodò.

Ọmọ ẹlòmíràn ló lọ. Ìyá mi kó ẹ̀gúsí sínú àpótí náà. Bàbá Àgbà ránṣẹ́ láti Òṣogbo pé kí Àyìndé máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn, bàbá mi fárí gá. Oko kòkó lẹ́yìn Iwaraja ni wọ́n fi í sí. Èmi àbúrò, tí kò béèrè nǹkan kan rí, èmi ni mo padà lọ sí iléèwé títí mo fi di nọ́ọ̀sì. Yèyé kò sọ ìtàn náà mọ́. Tí a bá ń la kòkó, ìró àdá nìkan là ń gbọ́, títí Yèyé fi kú. Àyìndé náà kò béèrè nǹkan mọ́, àní irú ọbẹ̀ tí a sè pàápàá. Ó ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ayé ti yí padà. Ọmọ ọmọ mi obìnrin wà ní yunifásítì, ojú ọ̀run ló ń kọ́ nípa rẹ̀. Ó ní gbogbo ohun tó wà ló ti wà pọ̀ rí nínú ohun kan tó kéré ju hóró àgbàdo lọ, tó gbóná kọjá sísọ, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀, tó ṣì ń fẹ̀ dòní. Ó ní àwọn ènìyàn kan nílẹ̀ òkèèrè gbà pé ẹyin ni ayé jáde nínú rẹ̀, àti pé àwọn ọlọ́gbọ́n àtijọ́ kan ní kò ní ìbẹ̀rẹ̀ rárá. Mo mú un lọ sí Iwaraja kó lọ sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo rò pé inú wọn á dùn.

Wọ́n gbọ́ ọ dópin. Wọ́n ní, "Kí ló wá wà ṣáájú ohun kékeré yẹn?"

Ọmọ náà ní, "A ò tíì mọ̀, Bàbá. Ohun tí a ń béèrè gan-an nìyẹn. Iṣẹ́ ni, wọ́n ń sanwó fúnni."

"Wọn ò nà yín?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà, Bàbá! Ta ló máa nà wá?"

Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Láyé tiwa, ìbéèrè yẹn gan-an ló sọ ọmọ tó mọ̀wé jù dèrò oko. Lónìí, òun ni wọ́n fi ń fúnni ní oyè. Mo rí i tí omi bọ́ lójú wọn, wọn ò nù ún. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, èmi ni wọ́n kọjú sí, kì í ṣe ọmọ náà.

Wọ́n ní, "Àbẹ̀ní, ǹ bá ti wà lára àwọn tó ń wá ìdáhùn rẹ̀."