Aṣọ Ilé Wolé-wolé tí Mo Sá sójú Títì

Ọjọ́ tí mo dé ìsọ̀ Bàbá Sálíù ní Kàbà láti kọ́ṣẹ́ alágbàfọ̀, mo rò pé fífọ aṣọ ni yóò kọ́kọ́ kọ́ mi. Mo ti kàwé dé kíláàsì kẹrin, ojú mi sì ti là débi pé mo gbà pé kò sí àṣírí kankan nínú omi àti ọṣẹ. Bàbá Sálíù kò fún mi ní ọṣẹ rárá. Okùn méjì ló fi hàn mí. Ọ̀kan wà níwájú ìsọ̀, lójú títì tí ọkọ̀ Lọ́kọ́jà ń gbà. Èkejì wà lẹ́yìn ilé, láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Jímọ̀," ó ní, "ti iwájú ni fún aṣọ tí ènìyàn ń wọ̀ jáde. Ti ẹ̀yìn ni fún aṣọ tí ènìyàn fi ń sùn. Bí o bá mọ ìyàtọ̀ okùn méjèèjì, o ti mọ iṣẹ́. Ìyókù, ọṣẹ ni yóò ṣe é."

Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ṣẹ́. Mo mọ bí a ti ń po sítáàṣì kí ó má dì, mo mọ ìwọ̀n búlúù tí aṣọ funfun ń fẹ́ kí ó má baà di aṣọ aláró, mo mọ bí a ti ń wọ́n omi sí ìdí áyọ́ọ̀nù eléèédú láti gbọ́ bóyá ó ti gbóná tó. Mo mọ àmì tí a ń fi òwú rán sí ọrùn aṣọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan kí aṣọ má baà ṣìlé. Okùn méjì yẹn nìkan ni n kò mọ̀, n kò sì mọ̀ pé n kò mọ̀.

Nígbà náà, Ọ̀gbẹ́ni Jósẹ́fù ni wolé-wolé àdúgbò wa, ẹni tí àwọn tó gbọ́ Hausa ń pè ní dúbágàrí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó wo ìkòkò omi bóyá tanwíjí wà nínú rẹ̀, kí ó wo ẹ̀yìnkùlé bóyá ó mọ́. Bí ó bá ti yọ lórí kẹ̀kẹ́, àwọn obìnrin á máa da omi nù láti ilé dé ilé. Ṣòkòtò kakí rẹ̀ le débi pé ó lè dá dúró láìsí ẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Èmi ni mo ń fi sítáàṣì mú kakí náà le, kakí náà ló sì ń já mi láyà.

Lọ́jọ́ ọjà kan, ó bá tanwíjí nínú àgbá omi mi. Ó ní kí n da gbogbo rẹ̀ nù, omi tí mo fi orí ru láti odò. Ó tún gbé àdá lé mi lọ́wọ́ pé kí n ṣán koríko iwájú ìsọ̀ níṣojú gbogbo ọlọ́jà. Obìnrin oníyọ̀ kan dúró, ó ní, "Alágbàfọ̀, bí o bá ṣán an tán, ṣé wàá lọ̀ ọ́ ni?" Ọjà bú sẹ́rìn-ín. Mo gbé ẹ̀rín yẹn mì, kò sì dà nínú mi.

Síbẹ̀, oníbàárà wa ni ilé rẹ̀. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ẹ̀bùn, ń gbé ẹrù aṣọ wá. Aṣọ ìbùsùn kan a máa wà nínú ẹrù náà tí ó dì sínú ògbólógbòó ìró kí ó má baà kan ìyókù.

"Jímọ̀, èyí lọ́tọ̀ o."

"Lọ́tọ̀ ni, mà."

Kò sọ ìdí, n kò sì béèrè. Ṣùgbọ́n alágbàfọ̀ ní imú. Mo mọ̀ pé atọ̀ọ́lé kan wà nílé wolé-wolé. Ẹ̀yìn ilé, láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀, ni Bàbá Sálíù ti ń sá aṣọ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́.

Kò pẹ́ ni ọ̀gá àgbà àwọn wolé-wolé dé láti Lọ́kọ́jà láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó bá adìyẹ mọ́kànlá nínú ilé ìdáná Ọ̀gbẹ́ni Jósẹ́fù, àwọn adìyẹ tó gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn kó má baà gbé wọn dé kóòtù. Ó ṣí ìkòkò omi rẹ̀, ó sì bá tanwíjí níbẹ̀! Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí ó kó kúrò nílé ìjọba kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kí ó sì dá kakí wọn padà. Kakí ọ̀hún wà lọ́wọ́ wa. Ẹrù ọ̀sẹ̀ náà pátá wà lọ́wọ́ wa.

Ọjà bọ́ sí ọ̀la rẹ̀. Bàbá Sálíù ti lọ síbi òkú àna rẹ̀ ní Makutu, ó fi ìsọ̀ lé èmi ọlọ́gbọ́n lọ́wọ́. Mo fi igi méjì ṣe àgbélébùú, mo wọ kakí náà fún un, mo de igbá mọ́ ọn lórí, mo sì gbé e dúró lójú títì bí ère tí a fi ń lé ẹyẹ lóko. Kí n tó pa ojú dé, àwọn ènìyàn ti pé.

"Dúbágàrí, okun o! Okun iṣẹ́ o!" ni wọ́n ń kí i, bí a ti ń kíni nílẹ̀ wa.

"Wá wo ìkòkò mi, mo ti gbé adìyẹ sí i!"

Obìnrin oníyọ̀ ọjọ́sí náà dùbúlẹ̀ nínú ẹ̀rín. N kò tíì rí i kí àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín nítorí ohun tí mo ṣe rí, àfi èyí tí wọ́n fi mí ṣe. Ó wọ̀ mí lára bí ẹmu àárọ̀. Nígbà tí ẹ̀rín náà fẹ́ máa rọlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí n óò fi dá a padà. Ẹnì kan bá béèrè pé, "Alágbàfọ̀, kí ló kù nínú ẹrù rẹ̀?"

Mo wọlé. Mo tú ògbólógbòó ìró yẹn. Mo gbé aṣọ ìbùsùn náà jáde láìtíì fọ̀ ọ́, mo nà án sórí okùn iwájú pẹ̀lú gbogbo àpá orí rẹ̀.

"Ẹni tó ń wo omi inú ìkòkò wa," ni mo kígbe, "ẹ wo omi tiẹ̀!"

Kò tó ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fi sọ ọ́ dorin:

Wolé-wolé, wo ilé ẹ o,
Omi ń bẹ lórí ibùsùn!

Èmi ni mo ń dá orin, wọ́n ń gbè é. Orí òkúta ni mo dúró sí kí wọ́n lè rí mi dáadáa, nítorí náà èmi ni mo kọ́kọ́ rí i nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ẹ̀bùn ni, ọmọ wọn obìnrin, ẹni ọdún mẹ́rìnlá, nínú aṣọ ilé-ìwé. Ìyá rẹ̀ ló rán an kí ó wá gba kakí. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó rìn dé ìdí okùn, ó sì gbọ́ tí ọkùnrin kan sọ pé, "Bàbá ńlá tó ń tọ̀ọ́lé!"

Ó yíjú sí i. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.

"Tèmi ni," ó ní. "Kì í ṣe ti bàbá mi. Tèmi ni."

Ó ká aṣọ náà kúrò lórí okùn, ó fi igun kan igun, ó ṣẹ́ ẹ po ní mẹ́rin, dáadáa, bí alágbàfọ̀ gidi ì bá ti ṣe é. Ó bọ́ kakí lára igi. Ó gbé méjèèjì, ó ń lọ. Èmi ṣì wà lórí òkúta, mo dà bí ère tí a ti bọ́ aṣọ lára rẹ̀.

Bàbá Sálíù ti gbọ́ ọ lójú ọ̀nà kí ó tó wọlé. Mo dọ̀bálẹ̀. Kò nà mí; ó ì bá sàn kó nà mí.

"Ẹ dákun, Bàbá."

"Èmi kọ́ lo ṣẹ̀." Ó jókòó, ó ń wo okùn. "A kò ra aṣọ wọn, Jímọ̀. Wọ́n ní ká bá wọn fọ̀ ọ́ ni."

Ìlú ṣe ìdájọ́ tiwọn. Àwọn obìnrin tó bá mi kọrin kò gbé aṣọ ìbùsùn wá fọ̀ mọ́. Agbádá ni wọ́n ń kó wá, wọn á sì yẹ ẹ́ wò lápò àti lábíyá kí wọ́n tó fún mi, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Obìnrin oníyọ̀ sọ fún mi lójú mi pé, "Ẹ̀rín rẹ dùn, Jímọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní fún ọ ní ìró mi."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo fọ ìyókù ẹrù náà, mo lọ̀ ọ́, mo dì í sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, mo sì gbé e lọ sí Iyah-Gbẹ̀dẹ̀, ìlú wọn, níbi tí wọ́n kó lọ. Ọ̀gbẹ́ni Jósẹ́fù ń bẹ lábẹ́ igi, ó ń so ọkọ́ mọ́ igi rẹ̀. Ó rí mi, ó sì padà sí ọkọ́ rẹ̀. Ìyá Ẹ̀bùn ló gba ẹrù.

"Okun o, Jímọ̀. O kú ọ̀nà."

Ìkíni náà dùn mí ju èébú lọ. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wí ohun tí mo ti ń tò láti Kàbà. Kò jẹ́ kí n dé ìdajì.

"Ọkọ mi jẹ adìyẹ ẹni ẹlẹ́ni, wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn tọ́. Ẹ̀bùn ńkọ́, adìyẹ ta ni òun jẹ?"

Ó gbé ẹrù náà kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"A mú un lọ sí ilé-ìwé ìhín. Lọ́jọ́ kejì ó ní òun kò lọ mọ́. Orin yín ti dé kí àwa tó dé."

Ẹnì kan wúkọ́ nínú yàrá. Ó ń gbọ́ wa. Mo kọjú sí ilẹ̀kùn náà, mo ní, "Ẹ̀bùn, jọ̀ọ́, mo ṣẹ̀ ọ́." Mo gun kẹ̀kẹ́ mi padà. Mo gbọ́ nígbà tó yá pé ó ti ń lọ sí ilé-ìwé ní Ẹ̀gbẹ̀, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀. Ilé-ìwé wo, n kò béèrè. Kò kàn mí.

Bàbá Sálíù ti fi ìsọ̀ lé mi lọ́wọ́ báyìí, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo fi imọ̀ ọ̀pẹ yí okùn ẹ̀yìn ká, ó ga ju orí ènìyàn lọ. Wọ́n ní òmìnira ń bọ̀. Wolé-wolé tuntun ló kọ́kọ́ dé. Ó wo imọ̀ náà, ó ní ejò ni yóò kó wá, kí n wó o.

"Ọ̀gá, ẹ ṣe mí bí ẹ bá ti fẹ́," ni mo wí, "ṣùgbọ́n n kò ní wó o."

Ó wò mí bí ẹni wo orí wèrè. Ó ní ó dáa, kí n máa gé koríko tó yí i ká ní gbogbo ọjọ́ ọjà kí ejò má ríbi sápamọ́ sí, kí n sì ṣe ti iwájú títì mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni mo tún wà lójú títì pẹ̀lú àdá, mo bẹ̀rẹ̀, ìdí mi kọjú sí ọjà. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bíi ti ọjọ́sí. Obìnrin oníyọ̀ dúró lórí mi.

"Alágbàfọ̀, ṣé o ti lọ̀ ọ́ tán?"

"Ó ku sítáàṣì, mà."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì sọ ẹrù kékeré kan kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, ògbólógbòó ìró ni ó fi dì í.

"Jímọ̀," ó rọra wí, "èyí lọ́tọ̀ o."

Mo sọ àdá sílẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e.

"Lọ́tọ̀ ni, mà."