Kọ̀ǹpútà Tí Wọ́n Ní Ó Ti Pẹ́ Jù

Ìyá Oníwèé ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ afọ́jú ń pè é, torí òun ló ń tẹ ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ kà. Inú yàrá tóóró kan ló ti ń ṣiṣẹ́, òun, kọ̀ǹpútà kan, àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń ta kókó wínníwínní sórí bébà. Ariwo ẹ̀rọ náà pọ̀ débi pé òwú ló fi ń dí etí. Ètò àtijọ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yìí ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Nígbà tó yá, ọ̀gá àgbà ní kí gbogbo wọn bọ́ sórí ètò tuntun, torí orí rẹ̀ nìkan ni àwọn ìwé ẹ̀kọ́ tuntun ń ṣí. Ìyá Oníwèé ké sí àbúrò rẹ̀ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ìyẹn ní kò sí wàhálà, òun á fi ọgbọ́n ètò dá kọ̀ǹpútà mìíràn, tí kì í ṣe èyí tí a lè fọwọ́ kàn, sínú èyí tó wà nílẹ̀. Ètò àtijọ́ á máa bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀. Ti tuntun á máa gbé inú rẹ̀ bí àlejò tí a fún ní yàrá.

Àlejò kò wọlé. Bó bá ti tàn ló ń kú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, pírósẹ́sọ̀ yín, ọpọlọ kọ̀ǹpútà yìí, ló ti pẹ́ jù. Àwọn àṣẹ kan wà tí ètò tuntun ń pa fún un tí kò gbọ́."

"Ṣé ó bàjẹ́ ni?"

"Rárá. Koko ló le."

"Ṣebí o ní èyí tó wà nínú yẹn dá dúró?"

"Ọpọlọ kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Iná tí ò sí nínú ilé, ẹ ò lè bá a ní yàrá."

"O ò lè dọ́gbọ́n sí i?"

"Mo lè mú un ṣe bí ẹni pé ó gbọ́. Àmọ́ á falẹ̀. Kí ojú ìwé kan tó ṣí, àwọn ọmọ yín á ti di bàbá ọlọ́mọ."

Ìyá Oníwèé pòṣé. Ọ̀rọ̀ náà rí i lára, bíi kó tutọ́ sílẹ̀. Ẹnìkan jókòó síbì kan tí kò mọ̀, ó pàṣẹ pé ohun tí kò bàjẹ́ ti bàjẹ́.

Ilé-ẹ̀kọ́ ra kọ̀ǹpútà tuntun. Àbúrò rẹ̀ yí ọ̀rọ̀ padà: ètò tuntun di onílé, ti àtijọ́ di àlejò, ó sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tún bẹ̀rẹ̀ ariwo rẹ̀, àwọn ọmọ rí ìwé kà.

Nígbà tí àwọn tó ń kó ẹrù àlòkù wá gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́, Ìyá Oníwèé ní òun á bá wọn lọ. Ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n gbé e dé rùn. Àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti bó èèpo lára wọn wà nílẹ̀ bí òkìtì. Wọ́n ń dáná sun wáyà kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀, èéfín dúdú ń lọ sójú fèrèsé àwọn aládùúgbò. Ọkùnrin kan ń fi òòlù fọ́ ọ̀kan.

"Kí ló ṣe ìyẹn?" ni Ìyá Oníwèé bi í.

"Kò ṣe nǹkan kan, ìyá. Wọ́n ní ó ti pẹ́ ni."

Ó rìn lọ síbi tí tirẹ̀ wà, ó gbé e sí èjìká, ó sì kọrí sílé.

Ọkọ rẹ̀ béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe.

"Mi ò tíì mọ̀," ló wí. "Ẹ ṣáà bá mi wá ibi tí mo lè gbé e sí."