Sìkírátù Olójú Irin

Lánàá, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan tún ń sun wáyà lẹ́bàá Ìyànà Ìbà kí wọ́n lè yọ bàbà inú rẹ̀. Èéfín náà gba ojú fèrèsé wọlé bá wa, ọmọ ọmọ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Kí n tó ti fèrèsé, ọkàn mi ti sáré lọ sí etí omi ní Ọ̀jọ́, níbi tí àwọn ìyá wa ti ń yan ẹja.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ ò tíì rí èéfín. Inú ahéré tí kò ní fèrèsé ni wọ́n ti ń yan ẹja ṣáwá, eré àwa ọmọdé sì ni kí a wọbẹ̀ lọ dúró. Ẹni tí omijé bá kọ́kọ́ bọ́ lójú rẹ̀ ti pàdánù, ẹni tó bá gbẹ̀yìn ló ni orí ẹja. Èmi kì í pẹ́ sá jáde pẹ̀lú ikun nímú. Ṣùgbọ́n Sìkírátù ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ìyá tó ni ahéré náà! Wọ́ọ́rọ́wọ́ ni yóò jáde, ojú rẹ̀ á gbẹ, bí ẹni tó lọ wẹ̀ bọ̀. Àwa a pariwo, "Olójú irin!" Ẹnu yà mí sí i títí. Àwọn àgbà pàápàá ń yìn ín, wọ́n ní èéfín ti mọ̀ ọ́n lọ́mọ ilé.

Nígbà tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Sìkírátù, omi tútù ni wọ́n kọ́kọ́ bá wí, lẹ́yìn náà ọyẹ́. Wọ́n fún un lágbo, wọ́n fi òrí pa á láyà, síbẹ̀ ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ̀rù bà mí pé ọ̀rẹ́ mi yóò kú. Ni ìyá rẹ̀ bá gbé e lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Ìbà, tó ṣì jẹ́ oko nígbà náà. Ikọ́ náà lọ, àfi bí idán. Wọ́n mú un padà wálé, wọ́n dáná ẹja, ikọ́ sì padà kí ẹja tó gbẹ.

Ìyá náà wo ahéré, ó wo ọmọ.

"Yéè! Àṣé ọmọ mi ni mo ń yan!"

Lọ́jọ́ kejì, ó wó ògiri ahéré náà, ó gbé ààrò lọ sí gbangba etí omi, ó sì lé gbogbo wa kúrò níbẹ̀.

Ahéré ti lọ, èéfín kò lọ. Sìkírátù ṣì wà láàyè, ó ti di ìyá àgbà, ṣùgbọ́n títí dòní, bó bá gun àtẹ̀gùn, àfi kó dúró mí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi wọ bàtà lánàá, tí mo lọ bá àwọn tó ń sun wáyà.

"Màmá, èéfín lásán nìyẹn o," ni ọ̀kan nínú wọn wí. Ó dúró sáàárín èéfín náà, ó ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ gbẹ.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fà á jáde, mo ní, "Jókòó, ọmọ mi. Mo ní ọ̀rẹ́ kan."