Inṣọ́ránsì Tí Bàbá Mi Fà Ya

Tí bọ́ọ̀sì bá ń gbé mi kọjá ibẹ̀ ní Nunhead, ní London níbí, n kì í wòta. Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ bàbá mi wà tẹ́lẹ̀. Kóòtù àti agbádá àwọn ará Peckham ni wọ́n ń fọ̀, kẹ́míkà ni wọ́n sì ń fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe omi. Òórùn rẹ̀ kì í kúrò lára Dádì, kódà lọ́jọ́ Jímọ̀ tí wọ́n bá fi lọ́fínńdà para.

Kí wọ́n tó kú, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀ wá: ká sọ ṣọ́ọ̀bù náà di ilé kéú fún àwọn ọmọ àdúgbò, kó jẹ́ sàráà tí èrè rẹ̀ á máa tẹ̀lé wọn dé sàréè. Mọ́mì ò tilẹ̀ dúró. Wọ́n lọ sí Rye Lane lọ ra ẹní tí àwọn ọmọ máa jókòó lé, wọ́n ká a jọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀.

Àfi bí káńsù ṣe ní àwọn fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ wò. Kẹ́míkà tó ń jò lára ẹ̀rọ Dádì láyé àtijọ́ ti wọlẹ̀ lọ, ó ti dé abẹ́ ilé aládùúgbò. Wọ́n ní ọmọdé kankan ò gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀ títí a ó fi kó erùpẹ̀ yẹn kúrò. Owó tí wọ́n bù lé e, háà! Bí a tilẹ̀ ta ara wa, kò lè tó o.

Lọ́yà kan ní Brockley ló là wá lójú. Ó bi mí pé ṣé Dádì ní inṣọ́ránsì nígbà tí ẹ̀rọ yẹn ń jò. Mo ní ìyẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní irú inṣọ́ránsì àtijọ́ yẹn, ọdún tí nǹkan bà jẹ́ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ọdún tí wọ́n rí i. Iléeṣẹ́ tó gbowó lọ́wọ́ Dádì nígbà náà lè jẹ́ ẹni tó máa tún ilẹ̀ náà ṣe lónìí. Ká ṣáà wá ìwé rẹ̀ wá. Inú mi dùn débi pé n ò wọkọ̀, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé.

Mo sọ fún Mọ́mì. Wọ́n ní, "Bàbá yín ti fà á ya."

Nígbà tí Dádì ti Mẹ́kà dé ni. Àáfà kan nínú ẹgbẹ́ wa wàásù pé tẹ́tẹ́ ni inṣọ́ránsì, pé ẹni tó ti Mẹ́kà bọ̀ kò gbọdọ̀ fi irú rẹ̀ sílé. Ni Dádì bá kó gbogbo ìwé inṣọ́ránsì àtijọ́ jáde, wọ́n fà á ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Mọ́mì ló bá wọn kó o dà nù. Bẹ́ẹ̀ Àáfà yìí ń wa mọ́tò o! Ta ló ń wa mọ́tò ní London láìní inṣọ́ránsì? Inú bí mi, n ò ní purọ́. Ó ṣì ń bí mi.

A wá ẹ̀dà rẹ̀ títí. Onílé tó ta ṣọ́ọ̀bù fún Dádì ti kú. Iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì ní àwọn ò rí orúkọ Dádì nínú ìwé àwọn. Lọ́yà ní láìsí ẹ̀rí, kò sóhun tí òun lè ṣe. A ta ilẹ̀ náà ní owó pọ́ọ́kú fún àwọn tó ń kọ́ fúláàtì.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, Àáfà yẹn pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. "Àlájà, ilé kéú tí Alájì fẹ́ ṣe ńkọ́?" Mo ti la ẹnu, Mọ́mì fún mi lọ́wọ́ pinpin.

"Ẹ máa bá wa ṣe àdúà, Àáfà."

Nínú bọ́ọ̀sì mo fi ìbínú bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Wọn ò wo ojú mi.

"Tí o bá sọ ọ́, gbogbo ayé á mọ̀ pé Bàbá yín fọwọ́ ara wọn fa sàráà wọn ya."

A délé. Mọ́mì rọra ṣílẹ̀kùn pálọ̀, nítorí ẹní ilé kéú tó ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.