Gẹ̀ẹ́sì Tí Agboolé Pàtẹ́wọ́ Fún

Ní ọdún kejì mi ní yunifásítì, kò sí òmùgọ̀ tó gbọ́n tó mi ní gbogbo Ìbàdàn. Gẹ̀ẹ́sì tí mo ń kọ nígbà náà, ṣe ló ń hó bí ọṣẹ. Àwa tá a ti àdúgbò Bẹyẹrúnkà lọ gbà pé gẹ̀ẹ́sì tó bá tètè yéèyàn, kò níláárí. Olùkọ́ wa obìnrin kan máa ń ní ká gbé ohun tá a bá kọ fún ẹni tó jókòó tì wá. Bí onítọ̀hún kò bá lè sọ ohun tá a ń fẹ́, a ó tún un kọ. Mo máa ń pòṣé. Iṣẹ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rèé!

Ìgbà yẹn ni àwọn ìjọba fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé wa, pé àwọn fẹ́ wó iwájú rẹ̀ láti fẹ ọ̀nà. Yàrá ìyá bàbá mi ló wà níwájú yẹn. Ojú ìyá ti ń ṣú; inú yàrá yẹn nìkan ló ti lè rìn láìfọwọ́ wá ògiri. Ohun tí mọ̀lẹ́bí fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ìjọba ní sùúrù kí òjò dá, ká lè kọ́ yàrá mìíràn fún un lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Agodi.

Ẹnu dùn ún ròfọ́. Mo kọ ojú ewé mẹ́rin. Mo kọ nípa ọ̀làjú, mo kọ nípa àwọn baba ńlá wa, mo tún kọ nípa àwọn ará Róòmù. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo kà á fún agboolé, nítorí lẹ́tà kì í jáde nílé wa kí àgbà má gbọ́ ọ. Wọn ò sì gbọ́ gẹ̀ẹ́sì! Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe gùn tó ni wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́. "Háà! Èyí á dẹ́rù bà wọ́n!" Àbúrò bàbá mi, télọ̀ tó ka ìwé mẹ́fà péré, nìkan ló bi mí pé, "Ibo lo ti sọ ti òjò?"

Mo wo inú lẹ́tà náà. Kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn irú àtẹ́wọ́ yẹn, ojú tì mí. Mo ní, "Bùọ̀dá, ẹ fọkàn balẹ̀, ó wà nínú rẹ̀."

Akọ̀wé tó gbà á lọ́wọ́ bùọ̀dá ní Agodi kà á tán, ó rò pé a kàn ń kí ìjọba ni. Ó ní kí bùọ̀dá bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Katakata dé wá wó iwájú ilé nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́wọ́. Títí dòní ni mo kórìíra ọ̀dọ́kùnrin tí mo jẹ́ nígbà náà.

Wọ́n kó ìyá lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Òkè Bọ́lá, níbi tó ti ń fọwọ́ wá ògiri títí ó fi kú. Ẹ̀dà lẹ́tà mi wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Bí àlejò bá dé, á yọ ọ́ fún wọn.

"Ọmọ ọmọ mi ló kọ ọ́. Ìjọba ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì tó o, ni wọn ò fi lè dá a lóhùn."